Puebla ní Mẹ́síkò: ẹ́sítéètì onígéètì ni ká gbà àbí ilé àárín ìlú Cholula?

ÌyáDárà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹnu èmi àti ọkọ mi ò tíì kò lé lórí. Wọ́n gbà á síṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́bàá Puebla ní Mẹ́síkò, fíísà tiẹ̀ ti jáde, òun ló máa ṣáájú, èmi àtàwọn ọmọ á tẹ̀lé e tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n ti wà ní kíláàsì kẹrin, àbúrò ṣì kéré, ó sì máa ń ní ásímà nígbà míì.

Ilé iṣẹ́ yẹn láwọn á sanwó ilé fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ti fi fọ́tò ilé méjì ránṣẹ́ pé ká mú ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú ẹ́sítéètì tí wọ́n mọ odi yí ká, fraccionamiento ni wọ́n pè é, lápá Angelópolis, ó ní géètì, ó ní síkiọ́rítì, ó ní ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Èkejì wà láàárín ìlú San Pedro Cholula gangan, ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá nínú, ojú títì ni ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì tọ̀hún. Ọkọ mi ní ẹ́sítéètì lòun fẹ́, pé bóun bá wà níbi iṣẹ́ lóru ọkàn òun á balẹ̀. Èmi ò mọ mọ́tò wà, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé inú ilé ni màá jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ tí n ó máa retí ẹni tó máa gbé mi jáde.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ Spáníìṣì nínú wa o. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gbébẹ̀, báwo lọjọ́ kan ṣe ń lọ? Omi, iná, gáàsì, ọjà, ará àdúgbò, gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹni tí ò gbédè lè gbé àárín ìlú? Ẹ má bò ó fún mi o.

ÀdùkẹBarrio

Ìyá Dárà ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rìn síre. Barrio, ìyẹn àdúgbò, lèmi ń gbé ní San Pedro Cholula níbí, ó ti ṣe díẹ̀, mi ò sì ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú fún yín: tẹ́ ẹ ò bá ti lè wa mọ́tò, ẹ gba ilé àárín ìlú.

Ìdí ẹ̀ ni pé nílùú yìí ẹnu ọ̀nà lọ̀pọ̀ nǹkan ti ń wá bá èèyàn, ká ṣáà ti dá ohùn ẹ̀ mọ̀. Ọkọ̀ gáàsì á kọjá láàárọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa ké gas gas, ẹ ó ní kó dúró. Ọkọ̀ pàǹtírí ní agogo, ẹnì kan ló máa ń lù ú lọ níwájú ọkọ̀, bẹ́ẹ bá ti gbọ́ ọ ẹ yáa gbé tiyín jáde torí kò ní dúró dè yín. Àwọn tó ń ra irin àlòkù náà wà, ohùn ọmọ kékeré kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé sẹ́nu ẹ̀rọ, á máa ka tìmùtìmù, fíríìjì, sítóòfù, ẹ̀rọ ìfọṣọ, lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn ọmọ yín á ti mọ̀ ọ́n lórí kí wọ́n tó mọ nǹkan míì ní Spáníìṣì. Tó bá dalẹ́ ẹ máa gbọ́ fèrè kan tó ń han goooro, oníkámótè nìyẹn, ànàmọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ń tà nínú ààrò onítáyà tó ń tì kiri, ooru ààrò yẹn náà ló ń fun fèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ ó lè já èèyàn láyà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀yin gan-an lẹ máa máa retí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni kẹ́ẹ fọkàn sí jù. Omi ìjọba kì í ṣàn ní gbogbo ìgbà, ìgbà tó bá wá ló wá. Tó bá dé, inú kòtò onísìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ, cisterna ni wọ́n ń pè é, pọ́ǹpù á wá fà á lọ sínú táńkì orí òrùlé, ìyẹn tinaco, ibẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Torí náà tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ tàbí tíná bá lọ, ohun tó bá kù lórí òrùlé náà lẹ máa lò. Tí cisterna bá gbẹ, ẹ ó pe pipa, táńkà omi nìyẹn. Ẹ bi lánlọ́ọ̀dù bí cisterna ẹ̀ ṣe tóbi tó, ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, kẹ́ẹ sì ní kó tan pọ́ǹpù lójú yín. Omi ẹ̀rọ wà fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ o, kò sẹ́ni tó ń mu ún, onílé ò mu ún, àlejò ò mu ún. Garrafón lìtà 20 là ń rà, ẹ ó fi ike òfìfo pààrọ̀ èyí tó kún, ọmọ tó gbé e wá á bá yín gbé e dé kíṣìnnì tẹ́ẹ bá fún un ní péso díẹ̀ lé e.

Ní ti iná, 127 fóltì ni, tiwa sì jẹ́ 230, ẹ má wulẹ̀ di áyọ́ọ̀nù àti blẹ́ńdà sínú ẹrù. Ṣájà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù ò ní wàhálà tẹ́ẹ bá ti rí 100-240 lára ẹ̀. CFE ló ń pín iná, oṣù méjì méjì ni bíìlì ẹ̀ ń dé, ó sì lówó ìrànwọ́ ìjọba nínú. Àmọ́ ní agbègbè tí ojú ọjọ́ ò ti gbóná bíi tibí, tẹ́ẹ bá ń lò ju 250 kilowatt-hour lọ lóṣù, tí wọ́n bá pín ti oṣù 12 dọ́gba, wọ́n á gbé yín sí DAC, ìyẹn iye owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo iná púpọ̀, ìrànwọ́ yẹn á kúrò, owó á sì fò sókè. Ẹ gba bíìlì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kẹ́ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ wò ó bóyá DAC ti wà lára ẹ̀, ẹ sì wò ó bóyá gbèsè wà nílẹ̀. Bíìlì yẹn náà ni ilé ìwé àti báńkì máa bèèrè láti fi mọ ibi tẹ́ẹ ń gbé, kò sì burú tí orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló bá wà lórí ẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò gbédè. Ìkíni ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ̀yin tí wọ́n sì tọ́ nílé wa, ẹ ti mọ ìdajì. Bẹ́ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí wọn. Bẹ́ẹ bá wọ combi, bọ́ọ̀sì kékeré nìyẹn, ẹ kí gbogbo inú ọkọ̀. Bẹ́ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń dúró de dọ́kítà, ẹ kí àwọn tó wà lórí ìjókòó. Tẹ́ẹ bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun, ẹ sọ pé provecho, kódà tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n rí. Ìyá tó ń ta tortilla ní kọ̀rọ̀ wa lèmi fi kọ́ èdè, kílò kan lójoojúmọ́, ó ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà ló wá bá mi rí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Nínú ẹ́sítéètì, ta lẹ máa kí? Síkiọ́rítì.

Ẹ máa mú owó kéékèèké dání ṣá. 500 péso tó jẹ́ odindi ò wúlò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, wọn ò ní ṣéńjì.

BabaẸniọlá

Àǹtí Àdùkẹ́ mo kí yín o. Ẹ dárí jì mí, èmi máa sọ̀rọ̀ fún ọkọ Ìyá Dárà díẹ̀, torí ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Inú fraccionamiento là ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, omi kì í wọ́n wa, tí mo bá lọ fún iṣẹ́ òru mi ò kì í ro ti ìlẹ̀kùn. Àmọ́ mo gbà pé láìsí mọ́tò ó nira gan-an ni o. Látinú ilé wa dé géètì, ìrìn gidi ni, láti géètì dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòmátì, ọkọ̀ ló kù. Owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì sì tún wà lóṣooṣù lọ́tọ̀ sí owó ilé, kí ilé iṣẹ́ yẹn sọ ọ́ kedere bóyá àwọn náà ló ń san án.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ rò dáadáa nípa ilé àtijọ́ yẹn ni ilẹ̀ mímì. Lọ́jọ́ 19 oṣù September 2017, ilẹ̀ mì níbí, 7.1 ni agbára ẹ̀, ààlà Puebla àti Morelos ló ti bẹ̀rẹ̀, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì Remedios tó wà lórí píráḿídì Cholula gan-an, èyí tí gbogbo ayé ń wá yà ní fọ́tò, ó fara gbọgbẹ́, àti ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ káàkiri. Ọjọ́ kan náà, 19 September, ni ti 1985 tó pa èèyàn rẹpẹtẹ ní Mexico City, ọjọ́ náà ni òmíràn tún mì ní 2022, torí ti 1985 ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwé, ọ́fíìsì, gbogbo èèyàn á jáde síta. Torí náà kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ wo ògiri ilé yẹn. Kó wo igun yàrá, kó wo ibi tí àjà ti pàdé ògiri, ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà nìkan lára ògiri tó ti gbó, kó bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí lánlọ́ọ̀dù bá ní wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn 2017, kó sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Lánlọ́ọ̀dù á bèèrè aval náà, ìyẹn ẹni tó nílé nílùú yìí tó máa dúró fún yín. Kò sí àlejò tó ń tètè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ dúró fún yín, tàbí kẹ́ẹ san ti póliza jurídica, lọ́yà ló ń ṣe é, wọ́n á yẹ ìwé yín wò, wọ́n á sì ṣe kọ́ńtíráàtì.

ÌwéPé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ilé dára, àmọ́ ìwé ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú, mo sì fẹ́ kí ọkọ yín ka èyí kó tó wọ bàálù.

Fíísà tó wà nínú páàsípọ́ọ̀tù kì í ṣe káàdì ìgbélùú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fi wọlé, láàárín ọjọ́ 180. Tó bá ti wọlé, ọjọ́ 30 ló ní láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ ní INM, iléeṣẹ́ ìgbélùú wọn, kí wọ́n fi fíísà pààrọ̀ káàdì residente temporal, ìyẹn káàdì ìgbélùú onígbà díẹ̀, fún un. Ní pápákọ̀ òfurufú, kó wo ohun tí wọ́n kọ fún un kó tó kúrò lójú kántà: canje (ìyẹn pàṣípààrọ̀), ọjọ́ 30. Tó bá jẹ́ ti àlejò tó wá ṣèbẹ̀wò ni wọ́n kọ, kó fi sùúrù sọ fún wọn níbẹ̀ níbẹ̀, kó fi fíísà hàn wọ́n, torí àtitún un ṣe lẹ́yìn náà ò rọrùn. Ọdún kan ni káàdì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun, ọdún mẹ́rin lápapọ̀ ló mọ, lẹ́yìn ìyẹn èèyàn lè béèrè fún ti títí láé.

Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ lè gba tiyín nípasẹ̀ ẹ̀, ti ẹbí. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ló máa gbé e. Ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ẹ́ńbásì Mẹ́síkò l'Abuja fi òǹtẹ̀ lu wọ́n nígbà tẹ́ẹ ṣì wà nílé, kì í ṣe ohun tẹ́ẹ lè fi fóònù ṣe láti Puebla. Perito traductor, ìyẹn ògbufọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, ló máa túmọ̀ wọn sí Spáníìṣì níbí.

Káàdì ti ẹbí ò fún yín láṣẹ iṣẹ́ o Ìyá Dárà. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ tó ń mówó wọlé, kódà kó jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ máa tà nílé, àṣẹ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbà ní INM. Tẹ́ẹ bá kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn náà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn láàárín ọjọ́ 90, ìyẹn wà lára ohun tó yẹ kẹ́ẹ rò tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ẹ́sítéètì bẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ tó kó wá sáàárín ìlú. Kò le, ìwé kan péré ni, àwọn èèyàn sì ṣáà ń gbàgbé ẹ̀.

CURP, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olúkúlùkù, á wà lórí káàdì yín, nọ́ńbà àti lẹ́tà 18, kò síbi tí wọn ò ti ní bèèrè ẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti fi orúkọ ọkọ yín sí IMSS, ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́, kó fi orúkọ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ sí i ní clínica tó sún mọ́ ilé, ẹ̀tọ́ yín ni. Ilé ìwé ìjọba á gba ọmọ wọlé, òpin oṣù August ni sáà ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n á tò kí àsíá orílẹ̀-èdè, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ ṣáájú kó má bàa máa wò sọ́tùn-ún sósì.

ọmọ_etíkun

Costa Chica lèmi wà, létíkun lápá Oaxaca, àmọ́ mo ń gba Puebla kọjá dáadáa. Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan àwọ̀ ara wa, ó sì yẹ ká sọ ọ́ fún àǹtí wa.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Cholula, tẹ́ẹ bá ti dúdú, Haiti tàbí Cuba lẹ ti wá. Wọ́n á wò yín, ọmọdé á tọ́ka, ìyá àgbà kan á fẹ́ fọwọ́ kan irun ọmọ yín láìbi yín. Púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra, ó sì ń rẹni bákan náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Wọ́n á pè yín ní morena tàbí negrita, ọ̀pọ̀ tó ń pè é bẹ́ẹ̀ rò pé ìfẹ́ làwọn ń fi hàn. Tí ẹ̀gbọ́n bá gbọ́ ọ nílé ìwé tí kò dùn mọ́ ọn, ẹ lọ bá tíṣà, ẹ má dákẹ́ torí pé àlejò ni yín.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ tún mọ̀ ni pé èèyàn dúdú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Mẹ́síkò. Abúlé wa níbí, àwọn tó ní àwọ̀ dúdú bíi tèmi tìrẹ, látayébáyé ni wọ́n ti wà. Ní Veracruz, tó bá Puebla pààlà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Yanga, orúkọ ọkùnrin tó kó àwọn ẹrú sá lọ sórí òkè tó sì bá ìjọba Spéènì jà títí wọ́n fi fún wọn ní ìlú tiwọn ni. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kọ orúkọ àwọn Afromexicano sínú òfin orílẹ̀-èdè, nígbà tí wọ́n sì ka èèyàn ní 2020, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tó ní òun ni. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ẹ̀gbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe níbí.

Ẹ máa mú káàdì dání tẹ́ẹ bá ń rìnrìn àjò, ojúlówó, kì í ṣe fótókópì. Wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró lójú ọ̀nà, pàápàá lápá gúúsù, tó bá sì dọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa bi ní ìwé, ẹ mọ ẹni tí ojú wọn ń kọ́kọ́ lọ bá. Lóṣù May 2022 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé àyẹ̀wò ìwé ìgbélùú láàárín orílẹ̀-èdè báyẹn ò bá òfin mu, àwọn ọ̀dọ́ ìbílẹ̀ Tseltal láti Chiapas ló pe ẹjọ́ ọ̀hún, ọmọ Mẹ́síkò ni wọ́n, wọ́n sì mú wọn nínú bọ́ọ̀sì bíi pé àjèjì ni wọ́n. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n jàre. Àmọ́ lójú ọ̀nà lóru, káàdì ló ń yára ju ẹjọ́ lọ.

ÌyáDárà

Ẹ ṣé o, ẹ ṣeun gan-an, ọkọ mi ka gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná, ti ilẹ̀ mímì yẹn ló kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìgbéyàwó, a ti ń lọ lé e lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ó ku mẹ́ta. Mo rí i kà pé òkè tó ń tú iná wà níbẹ̀, Popocatépetl. Ásímà àbúrò ńkọ́? Àti pé ẹnì kan sọ fún mi pé bángà ni wọ́n ń yìn ní Cholula ní gbogbo ọjọ́ ayé, ṣé òótọ́ ni? Àti oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí la ó máa jẹ?

ÀdùkẹBarrio

Òótọ́ ni ti bángà, mi ò ní parọ́ fún yín. San Pedro ní barrio mẹ́wàá, barrio kọ̀ọ̀kan ní ẹni mímọ́ tiẹ̀, ọdún ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní mayordomo tó gbé bùkátà ẹ̀ lé orí. Cohete ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà á máa dún. Ó lè tẹ̀ lé ara fún ọjọ́ mélòó kan. Ajá á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ò lè sùn nínú ariwo ò gbọdọ̀ gbé barrio, kí BabaẸniọlá gba ibẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn yín pé ẹ wá jẹun, àwo mole, ọbẹ̀ ata wọn, pẹ̀lú ìrẹsì àti tortilla gbígbóná, ẹ má kọ̀ ọ́. Kó tó dọjọ́ ọdún wọ́n máa ń gba owó ìdáwó láti ilé dé ilé, ẹ fún wọn ní ohun tẹ́ẹ bá ní, bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ kì í ṣe Kátólíìkì. Láti ọjọ́ yẹn lọ ẹ ti di ara àdúgbò.

Popo ń mí èéfín lóòótọ́, láti 1994 ló ti jí padà. Bí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ni wọ́n ṣe ń kéde ẹ̀, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa, yẹ́lò fase 2 (ìpele kejì) ló sì sábà máa ń wà. Lóṣù May 2023 wọ́n gbé e sí fase 3, eérú bo Puebla, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ti ilé ìwé. Lọ́jọ́ eérú, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, àbúrò ò gbọdọ̀ jáde láìsí máàsìkì, ẹ bo tinaco dáadáa. Ẹ gbá eérú gbẹ́rẹfu sínú àpò, ẹ má da omi sí i lọ sínú gọ́tà, ó ń di gọ́tà pa ni. Ẹ kó ẹ̀rọ ìfímú ásímà rẹ̀ tó pọ̀ wá, kẹ́ẹ sì tètè mọ dọ́kítà ọmọdé kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní dọ́kítà nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó ẹ̀ ò wọ́n, ó dára fún ibà àti ikọ́ lásán, àmọ́ ásímà ju tibẹ̀ lọ. Antibiotic ò ṣeé rà láìsí ìwé dọ́kítà o, láti 2010.

Ibí ga, ó ju 2,100 mítà lọ sókè òkun, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ má gbé ẹrù wúwo gun àtẹ̀gùn, àbúrò pàápàá, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀. Ẹ̀wà náà kì í tètè jinná níbí torí gíga yẹn, ìkòkò olla express, pressure cooker nìyẹn, lẹ máa rà, òun gan-an ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ rà.

Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú. Plátano macho ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ yan èyí tó ti pọ́n. Jamaica ni ìṣápá pupa. Chile habanero ni kẹ́ẹ bèèrè tẹ́ẹ bá ń wá ata rodo, kì í pọ̀ tó ti Yucatán níbí ṣùgbọ́n ó wà lọ́jà. Ìsọ̀ ẹran tí wọ́n ti ń ta pancita lẹ ti máa rí ṣàkì, pata de res ni ẹsẹ̀ màlúù. Atole á dùn mọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀, àgbàdo ni. Iṣu tiwa ni ò sí, ẹ má dààmú ara yín wá a. Tó bá rẹ̀ yín láti dáná, ẹ jẹ comida corrida lọ́sàn-án: ọbẹ̀ olómi, ìrẹsì, ẹran, omi èso, wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀ wá fún iye kan ṣoṣo.

BabaẸniọlá

Mo gba ti bángà yẹn tọwọ́ tẹsẹ̀, Àǹtí Àdùkẹ́.

Ìyá Dárà, tó bá jẹ́ èmi, màá ní kí ọkọ yín má tọwọ́ bọ ọ̀kankan nínú ìwé ilé méjèèjì láti ibẹ̀ yẹn. Kó gba yàrá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní San Pedro, kó máa ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́, kó fojú ara ẹ̀ wo bí ọ̀nà ṣe rí lágogo tóun ń lọ. Kó sá fún àdúgbò ẹ̀gbẹ́ yunifásítì ní San Andrés, ilé ọtí ló pọ̀ níbẹ̀, ariwo Fúráìdè ju ti bángà lọ. Ó ṣì lè rí ilé kan tí kò dàgbà púpọ̀, tó ní ìpìlẹ̀ tuntun, lójú ọ̀nà tó wà nítòsí ọjà, èyí tó ní géètì kékeré tí ilé mẹ́rin márùn-ún jọ ń lò. Irú ẹ̀ wà dáadáa, privada ni wọ́n ń pè é, òun gan-an lèmi rò pé ó máa tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ pe ilé, wákàtí méje là fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà yípo ọdún báyìí, wọn ò yí aago mọ́ níbí láti 2022.

ÌyáDárà

Privada! Mo ti sọ fún un, ó ní òun gbà. Ó ní tóun bá dé, ilé náà lòun máa kọ́kọ́ máa wá kó tó dìgbà tí ìwé àwa máa jáde. Kí ló tún yẹ kó wò?

ÀdùkẹBarrio

Kó lọ wo ilé nírọ̀lẹ́ tí òjò bá ń rọ̀, láti May títí dé October ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń rọ̀, á rí ibi tí òrùlé ti ń jò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná níbí, December àti January òtútù òru ń wọ egungun, torí náà kó wò ó bóyá oòrùn ń wọ yàrá àwọn ọmọ. Kó wo ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, kó tàn án, kó dúró títí omi gbígbóná á fi jáde. Tẹ́ẹ bá ti mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, ọkọ mi á bá a lọ, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání ṣá, inú cisterna máa ń dúdú.